Bí Èdè Àwọn Àgbẹ̀ Ṣe Di Èdè Ìjọba: Ìtàn Fínlándì àti Àwọn Aládùúgbò Rẹ̀ láti 1809

Ìfáàrà

Ní ìhà àríwá Yúróòpù, níbi tí yìnyín ti í bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, orílẹ̀-èdè márùn-ún kan wà tí a sábà máa ń dárúkọ pọ̀: Dẹ́nímáàkì, Nọ́wè, Súwídìn, Fínlándì àti Áísílándì. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìròyìn wọn lóde òní, ọrọ̀ wọn, ilé ẹ̀kọ́ wọn àti ìrẹ́pọ̀ tí ó wà láàrin wọn ni yóò kọ́kọ́ kíyè sí. Èyí a máa mú kí àwọn kan rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 bẹ̀rẹ̀, Súwídìn àti Dẹ́nímáàkì nìkan ni ó ń dá ìjọba ṣe nínú àwọn márààrún. Abẹ́ Dẹ́nímáàkì ni Nọ́wè àti Áísílándì wà. Abẹ́ Súwídìn ni Fínlándì wà kí Rọ́ṣíà tó gbà á.

Ìtàn bí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ṣe di òmìnira gùn, kò sì ṣeé rò tán nínú àròkọ kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fẹ́ gbà wò ó níhìn-ín, èyí nì ni ọ̀nà èdè. A ó fi Fínlándì ṣe òpó ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èdè ti hàn kedere jù lọ. Èrò wa ni pé kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni ó gbé èdè Fínlándì láti ẹnu àgbẹ̀ dé ilé aṣòfin. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó gbé e dé ibẹ̀: ìkójọ, ìjiyàn, ilé ẹ̀kọ́ àti òfin. A ó sì rí i ní ìparí pé ẹni tí ó jà títí tí ó fi gba èdè tirẹ̀ lè di ẹni tí ń tẹ èdè ẹlòmíràn mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ tí ó wà láàrin alágbára méjì

Fún nǹkan bí 600 ọdún ni Fínlándì fi wà lábẹ́ ọba Súwídìn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé èdè Fínlándì kì í ṣe ẹbí èdè Súwídìn rárá. Ọmọ ìyá ni èdè Súwídìn, èdè Nọ́wè àti èdè Dẹ́nímáàkì jẹ́ sí ara wọn. Ẹni tí ó gbọ́ ọ̀kan yóò máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìyókù. Ṣùgbọ́n èdè Estonia ni ìbátan èdè Fínlándì tí ó súnmọ́ ọn, èdè Hungary sì jẹ́ ìbátan rẹ̀ tí ó jìnnà. Nítorí náà, ará Fínlándì tí kò bá kọ́ èdè Súwídìn kò lè gbọ́ ọ, bí ó ti wù kí ó fetí sílẹ̀ tó.

Nínú ọ̀rúndún 16, Mikael Agricola, ẹni tí ó padà di bíṣọ́ọ̀bù Turku, tẹ ìwé ABD àkọ́kọ́ ní èdè Fínlándì jáde ní 1543. Ó sì túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun ní 1548. Odindi Bíbélì tẹ̀ lé e ní 1642. Láti ìgbà náà ni èdè Fínlándì ti di èdè àdúrà àti ti ìwàásù. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ó dúró sí. Èdè Súwídìn ni èdè ìjọba, òun ni èdè òwò ńlá, òun àti èdè Látìn sì ni èdè yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní Turku ní 1640. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú 100 ènìyàn tí ó wà ní ilẹ̀ náà ní ọ̀rúndún 19, nǹkan bí 85 ni ó ń sọ èdè Fínlándì. Bí àgbẹ̀ kan bá ní ẹjọ́ ilẹ̀, èdè Súwídìn ni a ó fi kọ ìwé ìdájọ́ tí a ó fún un. Bí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun jàre tàbí òun jẹ̀bi, àfi kí ó wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀.

Ní 1808, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Rọ́ṣíà àti Súwídìn. Rọ́ṣíà ṣẹ́gun, nígbà tí ó sì di 1809, Fínlándì bọ́ sí ọwọ́ Ọba Alexander Kìíní. Ní ìpàdé tí ó ṣe pẹ̀lú àwọn aṣojú ilẹ̀ náà ní ìlú Porvoo, ọba yìí ṣèlérí pé òun kò ní fọwọ́ kan ẹ̀sìn wọn àti òfin wọn. Fínlándì wá di ìpínlẹ̀ tí ń ṣe àkóso ara rẹ̀ lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà. Ní 1812, a gbé olú-ìlú kúrò ní Turku, tí ó kọjú sí Súwídìn, lọ sí Helsinki. Yunifásítì náà sì tẹ̀ lé e lọ ní 1828, lẹ́yìn tí iná ńlá ti jó Turku ní 1827.

Ìjọba yí padà, ṣùgbọ́n èdè ìjọba kò yí padà: èdè Súwídìn náà ni. Ohun tí ó yí padà ni èrò àwọn ọ̀mọ̀wé. Wọ́n kì í ṣe ará Súwídìn mọ́, wọn kò sì fẹ́ di ará Rọ́ṣíà. Ta wá ni wọ́n? Ìbéèrè yìí ni ó mú kí wọ́n yíjú sí àwọn àgbẹ̀ tí ń bẹ nínú igbó àti ní etí adágún, tí ń sọ èdè tí àwọn fúnra wọn kò kà sí.

Ìkójọ: Lönnrot àti àwọn akọrin

Ní 1831, àwọn ọ̀mọ̀wé dá Ẹgbẹ́ Lítíréṣọ̀ Fínlándì sílẹ̀ ní Helsinki. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn jù lọ nínú iṣẹ́ wọn ni Elias Lönnrot. Ọmọ aránṣọ tálákà ni, a bí i ní abúlé Sammatti ní 1802. Ó fi ìyà kàwé títí ó fi di oníṣègùn, ní 1833 ó sì di dókítà agbègbè Kajaani, níbi tí ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ́pọ̀. Láti ibẹ̀ àti ṣáájú rẹ̀ ni ó ti ń rin ìrìn àjò káàkiri, nígbà mìíràn ní ẹsẹ̀, nígbà mìíràn nínú ọkọ̀ ojú omi, tàbí lórí igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Ohun tí ó ń wá ni àwọn orin ìtàn tí àwọn arúgbó mọ̀ lórí. Ní 1834, ó bá Arhippa Perttunen pàdé ní Latvajärvi, ní ilẹ̀ Karelia tí ó wà ní òdìkejì ààlà, nínú Rọ́ṣíà gan-an. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà orin ni àgbà akọrin yìí kọ fún un.

Ní 1835 ni Lönnrot gbé ìwé Kalevala jáde. Orin 32 ni ó wà nínú rẹ̀. Ó tún padà sí ẹnu iṣẹ́, nígbà tí ó sì di 1849 ó gbé ẹ̀dà tuntun jáde, tí ó ní orin 50 àti ìlà 22,795. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sára níhìn-ín. Lönnrot kì í ṣe akọ̀wé tí ń kọ ohun tí a sọ sílẹ̀ lásán. Òun ni ó yan àwọn orin, òun ni ó tò wọ́n tẹ̀ léra tí wọ́n fi di ìtàn kan, ó sì fi ìlà díẹ̀ tirẹ̀ so wọ́n pọ̀. Kò sí akọrin kan tí ó kọ Kalevala láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Síbẹ̀, ẹnu àwọn akọrin ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìlà rẹ̀ ti wá.

Kí ni ìwé yìí ṣe? Kò sọ èdè Fínlándì di èdè ìjọba. Ẹ̀dà 500 ni a tẹ̀ ní àkọ́kọ́, kò sì tètè tà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó yìn ín ni kò lè kà á; àfi ìgbà tí M. A. Castrén túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Súwídìn ní 1841 ni wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń yìn. Ṣùgbọ́n ó pa awuyewuye kan rẹ́. Ṣáájú rẹ̀, àwọn kan máa ń sọ pé èdè oko ni, kò lè gbé ìwé ńlá. Lẹ́yìn 1835, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dáhùn pé báwo ni èdè oko ṣe gbé èyí.

Ìjiyàn: Snellman àti àwọn ọlọ́lá

Ìkójọ nìkan kò tó. Ohun tí a kó jọ lè wà nínú àpótí títí láé. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà ni Johan Vilhelm Snellman, onímọ̀ ọgbọ́n-orí tí a bí ní 1806. Láti 1844 sí 1846, ó ń tẹ ìwé ìròyìn kan tí ń jẹ́ Saima jáde ní ìlú Kuopio. Èdè Súwídìn ni ó fi kọ ọ́, kò sì ṣèèṣì: àwọn tí ń sọ èdè Súwídìn ni ó fẹ́ bá wí. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé orílẹ̀-èdè kékeré kò lè fi ohun ìjà gba ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ni agbára rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó pọ̀ jù lọ bí kò bá gba ọ̀nà èdè wọn. Nítorí náà, kì í ṣe àgbẹ̀ ni ó yẹ kí ó yí èdè padà, ọ̀mọ̀wé ni.

Ọ̀rọ̀ yìí korò létí àwọn ọlọ́lá, ó sì tún kọ ìjọba lóminú. Ìjọba ti Saima pa ní 1846. Ní 1850, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí ó jà kárí Yúróòpù ní 1848, ìjọba ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ tẹ ìwé ní èdè Fínlándì mọ́ àyàfi èyí tí ó bá jẹ mọ́ ẹ̀sìn tàbí ìmọ̀ oko àti ọrọ̀ ajé. Kí olùkà ronú sí òfin yìí. Ẹni tí ó gbọ́ èdè Súwídìn lè ka ohun tí ó ń lọ nínú ayé. Ẹni tí ó gbọ́ èdè Fínlándì nìkan ni wọn kò fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó ṣòfin náà mọ agbára ìwé ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi ojú tín-ín-rín wo èdè náà lọ.

Ìgbà kan kò lo ilé ayé gbó. Ọba tuntun, Alexander Kejì, gorí ìtẹ́ ní 1855. Snellman di ọ̀jọ̀gbọ́n ní 1856, ó sì di ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ní 1863. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ọba fọwọ́ sí àṣẹ pé kí èdè Fínlándì bá èdè Súwídìn dọ́gba nínú gbogbo ọ̀ràn tí ó bá kan àwọn tí ń sọ ọ́, àti pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti adájọ́ parí ìmúrasílẹ̀ wọn láàrin 20 ọdún. A gbọ́dọ̀ jẹ́ olóòótọ́: kì í ṣe ìfẹ́ èdè Fínlándì ni ó sún Rọ́ṣíà ṣe èyí. Wọ́n fẹ́ kí okùn tí ó so Fínlándì mọ́ Súwídìn já. Snellman mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lo àǹfààní náà nígbà tí ó wà ní àrọ́wọ́tó.

Kò yẹ kí a sì fi ojú ọ̀tá wo gbogbo ẹni tí ń sọ èdè Súwídìn. Apẹja àti àgbẹ̀ tálákà pọ̀ ní etíkun tí wọn kò ní èdè mìíràn. Nígbà tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Snellman ń fẹ́ kí èdè kan ṣoṣo wà, ẹ̀rù ba àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú, ẹ̀rù wọn sì ní ìdí.

Ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé

Àṣẹ 1863 ì bá jẹ́ ìwé lásán bí kò bá sí olùkọ́. Ìlú Jyväskylä ni a ti dá ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ tí ń fi èdè Fínlándì kọ́ni sílẹ̀ ní 1858. Ní 1863 kan náà, a dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ Uno Cygnaeus, tọkùnrin tobìnrin ni a sì gbà sí i. Láti ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ ti ń jáde lọ sí abúlé. Ìjọba lọ́ra láti dá ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ fún àwọn tí ń sọ èdè Fínlándì, nítorí náà ọ̀pọ̀ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ara ìlú fi owó ara wọn dá sílẹ̀.

Ìṣòro olùkọ́ nígbà náà kì í ṣe ti àìsí ìwé nìkan. Ọ̀rọ̀ pàápàá kò tó. Báwo ni a ó ṣe kọ́ gírámà, ìṣègùn àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè tí kò ní orúkọ fún wọn? Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà, Lönnrot pẹ̀lú wọn, jókòó ti iṣẹ́ yìí. Dípò kí wọ́n máa yá ọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, wọ́n wo inú èdè náà. Wọ́n mú kieli, tí í ṣe èdè, àti oppi, tí í ṣe ẹ̀kọ́, wọ́n sọ gírámà di kielioppi. Iná mànàmáná di sähkö, orúkọ tí a mú láti inú ìró àti títa iná. Lónìí, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń pe ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí ẹni pé wọ́n ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ní 1870, Aleksis Kivi gbé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ jáde, èyí tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí Arákùnrin Méje. Ọmọ aránṣọ ni òun náà. Ìtàn ọmọ ìyá méje ni, àwọn tí ó kórìíra ìwé kíkà débi pé wọ́n sá wọ igbó lọ, tí wọ́n sì padà wá kọ́ ìwé, tí wọ́n di ará ìlú. August Ahlqvist, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Fínlándì fúnra rẹ̀, bu ẹnu àtẹ́ lu ìwé náà gidigidi. Ó ní kì í ṣe bí àgbẹ̀ Fínlándì ti rí nìyẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá àgbẹ̀ tí ó mọ́ tónítóní, Kivi sì fi àgbẹ̀ tí ń jà, tí ń mutí, tí ń rẹ́rìn-ín hàn wọ́n. Kivi kú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1872, nínú òṣì, kí ó tó pé ọmọ 39 ọdún. Lónìí, òun ni a kà sí baba ìtàn àròsọ èdè Fínlándì. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún àwa tí ń máàkì ìwé: kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bí wa nínú ni ó burú.

Ìdánwò: 1899 sí 1918

Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, Rọ́ṣíà yí ohùn padà. Ní oṣù kejì ọdún 1899, Ọba Nicholas Kejì kéde pé òun lè ṣòfin fún Fínlándì láìgba àṣẹ àwọn aṣojú rẹ̀. Láàrin nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ará ìlú gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ káàkiri nínú òtútù, ènìyàn tí ó lé ní 520,000 sì buwọ́ lù ú, nínú ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: bí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí kò bá mọ̀wé ní èdè wọn, ta ni ì bá kà á fún wọn, ta ni ì bá sì kọ orúkọ wọn? Ọba kọ̀ láti rí àwọn tí ó gbé ẹ̀bẹ̀ náà lọ. Ní 1900, ó pàṣẹ pé kí èdè Rọ́ṣíà di èdè ìṣàkóso. Ní 1904, Eugen Schauman yìnbọn pa Bobrikov, Gómìnà-Àgbà tí ó ń mú àwọn àṣẹ wọ̀nyí ṣẹ, ó sì pa ara rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1905 mú kí ọba dẹwọ́. Ní 1906, Fínlándì ní ilé aṣòfin tuntun tí ó ní ọmọ ilé 200. Tọkùnrin tobìnrin ni ó lè dìbò, wọ́n sì lè du ipò. Nínú ìdìbò 1907, obìnrin 19 ni ó wọlé, àwọn sì ni obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé tí a dìbò yàn sí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè. Ní 1906 náà, nígbà ọgọ́rùn-ún ọdún Snellman, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé sọ orúkọ Súwídìn tí wọ́n ń jẹ́ nù, wọ́n fi orúkọ èdè Fínlándì rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejìlá 1917, lẹ́yìn tí ìjọba Rọ́ṣíà ti dojú dé, Fínlándì kéde òmìnira. Ẹni tí ó bá rò pé èdè kan náà ti sọ wọ́n di ọ̀kan yóò rí ohun ìbànújẹ́. Ní oṣù kìíní 1918, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Pupa, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ àti aláìnílẹ̀, àti àwọn Funfun tí ó wà lẹ́yìn ìjọba. Èdè Fínlándì ni ọ̀pọ̀ àwọn Pupa fi ń kọrin ogun. Òun náà ni ọ̀pọ̀ àwọn Funfun fi ń gbàdúrà. Mannerheim, olórí ogun àwọn Funfun, èdè Súwídìn ni èdè abínibí rẹ̀. Kí ogun náà tó parí ní oṣù karùn-ún àti ní àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ènìyàn tí ó lé ní 36,000 ti kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn ni ebi àti àìsàn pa ní àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ìdí náà kò fara sin. Ìyàn 1866 sí 1868 ti pa nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100, ilẹ̀ oko sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn díẹ̀. Èdè lè jẹ́ kí ẹni tí ebi ń pa sọ ohun tí ń ṣe é. Kò lè bọ́ ọ.

Òfin àti àlàáfíà

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun náà ni ó yẹ kí a fi kọ́gbọ́n. Wọ́n ṣe òfin tí ó jẹ́ kí aláìnílẹ̀ ra ilẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù ni ti 1922, tí a fi orúkọ Kyösti Kallio pè. Wọ́n sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ ní 1921. Ìwé òfin 1919 sì sọ pé èdè orílẹ̀-èdè náà jẹ́ méjì, Fínlándì àti Súwídìn. Òfin èdè ti 1922 là á kalẹ̀ bí a ó ti máa lò wọ́n. Àwọn tí ó pọ̀ ní agbára láti pa èdè àwọn tí ó kéré rẹ́, wọn kò ṣe é. Ní erékùṣù Åland, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fẹ́ darapọ̀ mọ́ Súwídìn, Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè pinnu ní 1921 pé kí Fínlándì ni ín, ṣùgbọ́n kí èdè Súwídìn wọn wà láìyẹsẹ̀. Ìjà ṣì wà nínú yunifásítì Helsinki títí di 1937 lórí èdè tí a ó fi kọ́ni, ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi jà á, wọn kò fi ìbọn jà á.

Nígbà tí ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì kọlù wọ́n ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 1939, ọmọ ẹni tí ó jẹ́ Pupa àti ọmọ ẹni tí ó jẹ́ Funfun, ẹni tí ń sọ èdè Fínlándì àti ẹni tí ń sọ èdè Súwídìn, jọ wà nínú kòtò ogun kan náà fún ọjọ́ 105. Wọ́n pàdánù ilẹ̀ púpọ̀ nínú Karelia nínú ogun yìí àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, ènìyàn tí ó lé ní 400,000 sì fi ilé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò pàdánù òmìnira.

Àwọn aládùúgbò

Kì í ṣe Fínlándì nìkan ni ọ̀rọ̀ èdè kàn. Nọ́wè bọ́ lọ́wọ́ Dẹ́nímáàkì ní 1814, ó kọ ìwé òfin tirẹ̀ ní Eidsvoll ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ṣùgbọ́n a tún so ó mọ́ Súwídìn títí di 1905. Nínú ìdìbò gbogbo ará ìlú tí wọ́n ṣe lórí ìyapa náà, 368,208 ni ó fẹ́ ẹ, 184 péré ni ó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, èdè Dẹ́nímáàkì ni wọ́n ṣì ń kọ sílẹ̀. Ivar Aasen, ọmọ àgbẹ̀ tí ó kọ́ ara rẹ̀, rìn káàkiri abúlé láti kó ẹ̀ka-èdè wọn jọ. Ó tẹ gírámà jáde ní 1848 àti ìwé atúmọ̀-èdè ní 1850. Láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀kan nínú ọ̀nà ìkọsílẹ̀ méjì tí Nọ́wè ń lò ti wá. Ilé aṣòfin fọwọ́ sí ìdọ́gba àwọn méjèèjì ní 1885.

Dẹ́nímáàkì fúnra rẹ̀ tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn tí ó pàdánù Schleswig ní 1864, ìjọba àwọn ará Jámánì sọ èdè Jámánì di èdè ìkọ́ni fún àwọn ọmọ tí ń sọ èdè Dẹ́nímáàkì níbẹ̀ ní 1888, àyàfi nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ní 1920, apá àríwá dìbò láti padà sílé. Áísílándì ní tirẹ̀ di orílẹ̀-èdè olómìnira pátápátá ní 1944. Nígbà tí Dẹ́nímáàkì bẹ̀rẹ̀ sí dá ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ wọn padà ní oṣù kẹrin 1971, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó lọ pàdé ọkọ̀ ojú omi náà ní èbúté Reykjavik. Àwọn ìwé tí a kọ sára awọ ẹran ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn ni wọ́n lọ pàdé bí ẹni lọ pàdé ẹbí.

Àwọn Sámì: ẹ̀gbẹ́ kejì owó

Bí a bá parí ọ̀rọ̀ síhìn-ín, a ti rò ìtàn adùn, ṣùgbọ́n a kò sọ òótọ́ tán. Ní ìhà àríwá Nọ́wè, Súwídìn àti Fínlándì, àti nínú Rọ́ṣíà, àwọn ènìyàn kan wà tí ń jẹ́ Sámì, darandaran àti apẹja, tí èdè wọn jẹ́ ìbátan èdè Fínlándì. Nọ́wè tí ń ráhùn pé èdè Dẹ́nímáàkì bo òun mọ́lẹ̀ ni ó pàṣẹ ní 1880 àti 1898 pé kí èdè Nọ́wè borí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn Sámì. Òfin 1902 sì sọ pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè Nọ́wè kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ ìjọba ní Finnmark. Fínlándì tí ó ti mọ ìyà èdè kó ọmọ Sámì sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gbé, níbi tí a kò ti fi àyè sílẹ̀ fún èdè wọn. Súwídìn ṣe irú rẹ̀ fún àwọn Sámì àti fún àwọn tí ń sọ èdè Fínlándì ní àfonífojì odò Torne.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi dán ara rẹ̀ wò bí ó ṣe ń dunni. Àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ti dán an wò lára wọn; wọ́n tún fi gún ọmọ ẹyẹ. Ọ̀ràn tí ó wà níhìn-ín kì í ṣe ti àìmọ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan gbọ́dọ̀ ní èdè kan ṣoṣo yóò jà fún èdè tirẹ̀ nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀, yóò sì pa ti ẹlòmíràn nígbà tí ó bá dé òkè. Ìgbàgbọ́ kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ìgbìmọ̀ aṣojú àwọn Sámì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nọ́wè ní 1989, ní Súwídìn ní 1993, ní Fínlándì ní 1996. Ọba Harald Karùn-ún ti Nọ́wè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ní 1997. Ilé aṣòfin Nọ́wè ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹni tí ń múra fún ìdánwò lè di nǹkan wọ̀nyí mú: pé 1809 ni ó ya Fínlándì kúrò lára Súwídìn, pé 1835 àti 1849 ni ti Kalevala, pé 1863 ni àṣẹ èdè, pé 1917 ni òmìnira, pé 1922 ni òfin èdè méjì. Ṣùgbọ́n ọdún nìkan kọ́ ni ìtàn. Láti ìgbà tí Agricola tẹ ìwé ABD jáde títí di àṣẹ 1863, 320 ọdún ni. Nínú gbogbo ìgbà náà, àwọn tí ń sọ èdè náà kò dín kù, wọn kò sì ṣíwọ́ sísọ ọ́. Ohun tí ó fà á sẹ́yìn ni pé kò sí ẹni tí ó fi í ṣe èdè ẹ̀kọ́ àti ti òfin. Nígbà tí a rí ẹni tí ó kó o jọ, ẹni tí ó jiyàn fún un, ẹni tí ó fi kọ́ni àti ẹni tí ó fi òfin gbè é, kò tó 90 ọdún tí ó fi di èdè orílẹ̀-èdè olómìnira.

Ní agbègbè Inari ní àríwá Fínlándì, ẹ̀yà èdè Sámì kan wà tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò ju ọgọ́rùn-ún díẹ̀ lọ. Ní 1997, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ìtẹ́ èdè. Èdè náà nìkan ni àwọn olùtọ́jú ń bá àwọn ọmọ sọ láti àárọ̀ títí wọn yóò fi padà sílé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà sì wá láti ilé tí òbí kò ti gbọ́ ọ mọ́. Wọn kò dúró de ọba kankan. Olùkọ́ tí ó jókòó ti ọmọdé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.